Ṣé ‘would’ ni ‘ẹ’ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Tíṣà. Akọ̀wé ni mí ní ilé ìwé aládàáni kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tẹ lẹ́tà kan tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Ọ̀gá wa obìnrin dá a padà, wọ́n fi báírò pupa fa igi sí ‘would’ tó wà nínú gbólóhùn mẹ́ta, wọ́n sì kọ ‘will’ sórí gbogbo wọn. Mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ó dùn mí, torí ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ‘would’ ni ti ọ̀wọ̀, ‘will’ ni ti àṣẹ. Ṣé òbí ọlọ́mọ ni n ó máa kọ ‘will’ sí bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀? Mo ya fọ́tò lẹ́tà náà mọ́ ọn kí ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?”

Mo rí fọ́tò náà, ọmọ mi. Báírò pupa yẹn tẹ ìwé débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú já. Kí àwọn yòókù tó ń kà á lè bá wa lọ, gbólóhùn mẹ́ta náà nìyí. Èkíní: ‘School would resume on Monday.’ Èkejì: ‘All parents would pay the fees before the end of the first week.’ Ẹ̀kẹta: ‘We would be grateful if you would bring last term’s receipt.’ Ọ̀gá rẹ jàre nínú èkíní, wọ́n jàre ààbọ̀ nínú èkejì, wọn ò jàre nínú ẹ̀kẹta. Ìdájọ́ nìyẹn. Àlàyé rẹ̀ ló gùn díẹ̀, wá ìjókòó.

Ohun tó ṣe ọ́ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa: àṣà ilé la gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Nílé wa, ‘o’ ń bẹ, ‘ẹ’ ń bẹ. Ọmọ tó bá jí tó wo bàbá rẹ̀ lójú tó ní ‘O káàárọ̀’ ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹjọ́. A wá dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a bá ‘you’ kan ṣoṣo níbẹ̀, òun ni wọ́n ń pe ọba, òun ni wọ́n ń pe ọmọ ọwọ́, òun náà ni wọ́n ń pe ajá. Ara wa kò balẹ̀. À ń wá ibi tí a ó fi ọ̀wọ̀ wa sí, a rí ‘will’ àti ‘would’ tí wọ́n jọ ara wọn, a bá pín in fún wọn: ‘will’ di ‘o’, ‘would’ di ‘ẹ’. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ní ‘o’ àti ‘ẹ’ tiwọn láyé àtijọ́. ‘Thou’ ni ‘o’ wọn, ‘you’ sì ni ‘ẹ’ wọn, èyí tí wọ́n fi ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ẹni ńlá. Nígbà tó yá, ‘thou’ kú lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn, ó ku ‘you’ nìkan. Nítorí náà bí o bá ti kọ ‘you’ sí òbí, o ti pè wọ́n ní ‘ẹ’ tán. Kò sí ìdí tí o fi ní láti tún wá ‘would’ kún un.

Ibo wá ni ‘would’ ti wá? Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ‘will’ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tó túmọ̀ sí ‘fẹ́’. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí olóògbé fi pín ogún rẹ̀ fi ń jẹ́ ‘will’ títí dòní: ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe ló wà nínú rẹ̀. ‘Would’ ni ti àná rẹ̀, bí ‘went’ ṣe jẹ́ ti àná fún ‘go’. ‘Wolde’ ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà, wọ́n sì ń pe ‘l’ rẹ̀ síta. ‘L’ yẹn ti dákẹ́ báyìí. Bí a ṣe ń pe ‘wood’, ìyẹn igi, gẹ́lẹ́ là ń pe ‘would’. Iṣẹ́ tó wá ń ṣe ni pé ó máa ń yẹra kúrò níbi tí ‘will’ dúró sí. ‘Will’ dúró síbí, lónìí, ó kọjú sí ọ̀la. ‘Would’ a yẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà mìíràn ó yẹ̀ lọ sí àná. Nígbà mìíràn ó yẹ̀ kúrò nínú ohun tó dájú, ó bọ́ sínú ‘ká ní’. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó kàn yẹ̀ fún ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ kí onítọ̀hún lè ráyè kọ̀. Ibi tó gbẹ̀yìn yìí nìkan ni ọ̀wọ̀ ti wọ̀ ọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ‘ká ní’, torí ibẹ̀ ni gbólóhùn rẹ àkọ́kọ́ ti ṣubú. Ìwọ ará Ifẹ̀ á ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà ní òṣómàáló. Àwọn bàbá wa a máa ru aṣọ kiri ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọ́n á lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi! Wo ‘màá’ yẹn dáadáa. ‘Will’ pọ́ńbélé nìyẹn, ìpinnu wà nínú rẹ̀, ọjọ́ wà nínú rẹ̀, onígbèsè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní bàbá náà sọ pé ‘ǹ bá lóṣòó síbí’, onígbèsè á rọra wọlé lọ jẹ iyán rẹ̀, torí pé ‘ǹ bá’ máa ń ní ‘ṣùgbọ́n’ lẹ́yìn: ǹ bá lóṣòó, ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn mí. ‘Would’ nìyẹn. Nígbà tí o kọ ‘School would resume on Monday’, ohun tí etí tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa gbọ́ ni pé ilé ìwé ì bá wọlé lọ́jọ́ Ajé. Ó wá dúró, ó ń retí kí o sọ ohun tó dí i lọ́wọ́. Ṣé olùkọ́ ń dáṣẹ́ sílẹ̀ ni, àbí òrùlé ló ṣí?

Torí náà, kí o tó tẹ ‘would’ sínú lẹ́tà, kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá nínú ara rẹ. Bí ó bá jẹ́ ‘á’, ‘máa’ tàbí ‘yóò’ ló jáde, tó sì jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lò ń sọ ọ́ lónìí nípa ọ̀la, ‘will’ ni. Bí ó bá jẹ́ ‘ǹ bá’, ‘ì bá’, ‘à bá’ ló jáde, ‘would’ ni. ‘Ká ní mo lówó ni, ǹ bá ra mọ́tò’: ‘If I had money, I would buy a car.’ Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti kọjá àtúnṣe, Yorùbá á fi ‘ti’ sí i, Gẹ̀ẹ́sì á fi ‘have’ sí i: ‘ǹ bá ti rà á’, ‘I would have bought it.’ Wo ọ̀rọ̀ wa náà, àbámọ̀. ‘À bá mọ̀’ ló wà nínú rẹ̀. Odindi ‘would have’ làwa sọ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a sì ń fi kẹ́dùn láti ayébáyé. Ẹni tó ti ní ‘àbámọ̀’ lẹ́nu kò yẹ kó máa bẹ̀rù ‘would’.

Ibi kan wà tí mo ti máa ń rí i kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣubú, kódà àwọn tó gbọ́n: ‘If I would have known, I would have come.’ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà fẹ́ ‘would’ ní ìhà ‘if’. ‘Had’ ló ń fẹ́ níbẹ̀: ‘If I had known, I would have come.’ Àwọn ará Amẹ́ríkà náà máa ń sọ irú èyí lẹ́nu, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìdánwò, wọ́n á gé máàkì rẹ. Má tíì sọ pé o ká mi mọ́, pé ‘if you would bring’ wà nínú gbólóhùn rẹ kẹta. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ti àná kò le púpọ̀. Yorùbá kì í pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe nígbà tí a bá ń ròyìn ohun tí ẹlòmíràn sọ: ‘Ó ní òun máa wá.’ Ìbáà jẹ́ lónìí ló sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ‘máa’ yẹn ni. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ á fa ‘will’ padà sí àná: ‘He said he would come.’ Bí wíwá náà bá ṣì wà níwájú, o lè fi ‘will’ sílẹ̀, kò burú. Àwọn tó ń kọ ìtàn náà máa ń lò ó láti fi wo ọ̀la láti inú àná. Fún àpẹẹrẹ, ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló wà nídìí rẹ̀, ‘who would later become Minister of Education’, tó padà wá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. ‘Padà wá’ yẹn ni ‘would’ ibẹ̀. Mo dédé mú iṣẹ́ Modákẹ́kẹ́ wọ̀ ọ́ torí àwọn kan máa ń bú mi pé kí ló dé tí mo fi ń fi Yorùbá túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Ìṣe àná tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra náà wà níbẹ̀. ‘Every market day my mother would leave for Atakunmosa before dawn.’ Ìyá mi a máa gbọ̀nà ọjà Àtàkúnmọ̀sà kí ilẹ̀ tó mọ́, ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ó dùn ún kà, ó sì bá ìtàn mu. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń ṣe ni ‘would’ yìí wà fún. Kò sí fún ipò tí ènìyàn wà. Má kọ ‘I would live in Ilesa when I was small.’ ‘Used to’ ni kí o fi síbẹ̀. Àti ‘wouldn’t’ tí inú mi máa ń dùn sí jù: ‘The generator wouldn’t start.’ Ní Yorùbá, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò tan. Wò ó bí ‘fẹ́’ àtijọ́ yẹn ṣe ṣì ń mí nínú rẹ̀. Irin tí kò lẹ́mìí, àwa àti Gẹ̀ẹ́sì jọ gbà pé ó lè yarí.

Ó wá ku ti ọ̀wọ̀, níbi tí ìwọ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ kò purọ́, wọn ò kàn sọ ọ́ tán ni. Nínú ìbéèrè, nígbà tí a bá ń bẹ ènìyàn níṣẹ́, ‘would’ rọ̀ ju ‘will’ lọ lóòótọ́. ‘Will you sit down!’ lè jọ ti tíṣà tó ti mú pàṣán. ‘Would you sit down?’ dà bí ẹni tó ń fa àga fún àlejò. Ohun tó mú un rọ̀ ni ‘ká ní’ tó fara pamọ́ sínú rẹ̀: ká ní mo bẹ̀ yín, ṣé ẹ̀ bá jókòó? Mo fi àyè sílẹ̀ fún ọ láti kọ̀. Ibẹ̀ náà ni ‘I would like tea’ ti wá, àti ‘I would be grateful if…’ tí gbogbo wa há sórí ní kíláàsì lẹ́tà kíkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń sọ ohun tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́ ṣe, tàbí ohun tí ilé ìwé fẹ́ ṣe, ta lò ń fi àyè sílẹ̀ fún? Ìwọ lo fẹ́ ṣe é. Bí o bá yẹ̀ sẹ́yìn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tìrẹ lo sọ di aláìdájú. Ní Yorùbá a kì í rò ó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó sọ fún bàbá rẹ̀ pé ‘Màá wá lọ́la, sà’ ti bọ̀wọ̀ tán, ‘màá’ yẹn kò gún ẹnikẹ́ni lójú. ‘I will come tomorrow, sir’ náà nìyẹn, kò sí ìwọ̀sí kankan nínú rẹ̀.

Èmi náà ti jẹ nínú iṣu yìí rí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, ọ̀rẹ́ kan tí a ń kọ̀wé síra wa ní Ìlú Ọba fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí mi. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dùn mọ́ èmi alára pé ‘I would pay for the postage.’ Mo rò pé mo ti ṣe ọmọlúàbí. Oṣù méjì kọjá, ìwé kò dé. Nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ dé, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé owó ló ṣòro fún mi ni, pé òun ti rí ‘would’ tí mo kọ, òun kò sì fẹ́ ni mí lára. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lọ tún ìwé gírámà kà láti ojú ìwé kìíní.

Síbẹ̀, mi ò ní tan ọ́ pé gbogbo ayé ló ń bínú sí ‘would’ yìí. Lọ sí ìgbéyàwó èyíkéyìí ní Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé, MC á gba máíìkì: ‘The couple would now cut the cake.’ Tọkọtaya ti di ọ̀bẹ mú, ọ̀bẹ ti wọ kéèkì, ‘would’ ṣì ń dún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìkéde ìjọ: ‘Service would start by 9.’ Kò sẹ́ni tó ṣì í gbọ́. Ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa jákèjádò Nàìjíríà débi pé àwọn onímọ̀ èdè kan kì í pè é ní àṣìṣe mọ́, Gẹ̀ẹ́sì tiwa ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní àwọn ará Íńdíà náà ń sọ irú rẹ̀. Lójú tèmi, lẹ́nu, láàárín ara wa, jẹ́ kó máa lọ. Èmi náà máa ń sọ ọ́ bí mi ò bá fura. Nínú ìdánwò WAEC, nínú lẹ́tà tó ń lọ sókè òkun, àti nínú ìwé àdéhùn, má ṣe é o. ‘The tenant would pay’ nínú ìwé àdéhùn ilé, ẹni tó bá ń wá ẹjọ́ á ti rí ihò tó máa gbà jáde.

Ó yá, ká padà sórí lẹ́tà rẹ. Kọ èkíní ní ‘School will resume on Monday’ tàbí ‘School resumes on Monday’, èyí tó tún já geere ju ti ọ̀gá rẹ lọ. Ti èkejì, ‘would’ kò tọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà ọ́ nípa ‘will’ kì í ṣe lásán níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn lò ń sọ ohun tó máa ṣe fún, ‘All parents will pay’ lè dún bí ọ̀rọ̀ sójà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀gá rẹ jàre ààbọ̀. Yọ méjèèjì kúrò, kí o kọ ‘Please pay the fees before the end of the first week.’ ‘Please’ ni ‘ẹ jọ̀ọ́’, ó sì tó. Ẹ̀kẹta ni tìrẹ. ‘We would be grateful’ jẹ́ ‘inú wa ì bá dùn’, ‘if you would bring’ sì jẹ́ ‘bí ẹ bá lè fẹ́ bá wa mú un wá’. ‘Fẹ́’ ìpilẹ̀ṣẹ̀ yẹn ló wà níhà ‘if’ yìí, òun ló sì fún un láyè tí ‘if I would have known’ kò ní. Tẹ̀ ẹ́ padà bí o ṣe kọ ọ́, kí o fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bi ọ̀gá rẹ bóyá ó lè dúró bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tún fa igi pupa sí i, fi sílẹ̀ fún wọn. ‘We will be grateful if you will bring last term’s receipt’ kàn gan díẹ̀ ni, kì í ṣe àṣìṣe. Àwọn òbí á mú rìsíìtì wá.